Kíkó iṣẹ́ kódù kúrò lórí ohun èlò kíláàsì tó kógbá sílé

Kíkó iṣẹ́ kódù kúrò lórí ohun èlò kíláàsì ni gbogbo ètò tí olùkọ́ máa ń ṣe nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni sọfitíwíà tí kíláàsì rẹ̀ ń lò bá kéde pé àwọn fẹ́ pa á tì. Orí irú sọfitíwíà bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ti ń pín iṣẹ́, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ kódù, òun náà ló sì ń yẹ kódù ọ̀hún wò tó ń fún un ní máàkì. Tẹ́lẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé gan-an ni wọ́n máa ń fi í sí. Lóde òní, orí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lo láti òkèèrè) ilé-iṣẹ́ kan tó jìnnà ni púpọ̀ nínú wọn wà, inú bùráúsà ni wọ́n ti ń ṣí i. Ọjọ́ tí onílé bá ti ilẹ̀kùn, ẹrù ayálégbé ṣì wà nínú yàrá.

Àwọn tó ti kógbá sílé

Teams for Education ti ilé-iṣẹ́ Replit ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká àwọn olùkọ́ lára jù. Ọdún 2016 ni wọ́n dá Replit sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní ohun tó ń jẹ́ Classroom, ó pa ìyẹn tì, ó fi Teams for Education rọ́pò rẹ̀, ó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2022, ó sì tún pa òun náà rẹ́ ní 2024. Olùkọ́ tó bá ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì láìtíì kúrò lọ́dọ̀ onílé kan náà.

Ti Cloud9, ojúlé tí wọ́n ti ń kọ kódù nínú bùráúsà, gba ọ̀nà mìíràn. Amazon ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2016, ó sì ti ojúlé c9.io pa ní oṣù kẹfà 2019. Ẹ̀kọ́ CS50 ti Fásitì Harvard wà lára àwọn tó ń lo Cloud9. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sórí Visual Studio Code, ètò tí a fi ń kọ kódù, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí GitHub Codespaces, ìyẹn sáfà ilé-iṣẹ́ GitHub. Glitch, tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, dáwọ́ gbígbé iṣẹ́ oníṣẹ́ sórí sáfà rẹ̀ dúró ní oṣù keje 2025.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń já sí òfò. Google gbé App Inventor jáde ní 2010 fún ẹni tó fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe áàpù Android, ó sì pa á tì ní ìparí 2011. Ṣùgbọ́n ó ṣí kódù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ilé-ẹ̀kọ́ MIT gbà á, ó ṣí i padà ní 2012, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di bí a ti ń wí yìí. Bákan náà, nígbà tí Adobe kéde ní 2017 pé Flash, ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ kí eré àti àwòrán ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà, ò ní kọjá ìparí 2020, Scratch 2.0, tí àwọn ọmọdé fi ń to búlọ́ọ̀kù ṣe eré, tó sì jókòó lórí Flash, ì bá ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ni Scratch tún un kọ látòkèdélẹ̀, wọ́n gbé 3.0 jáde ní oṣù kìíní 2019, ẹ̀yà tuntun yìí sì ń ṣí fáìlì .sb àti .sb2 àtijọ́. Ọmọ tó ṣe eré ológbò rẹ̀ ní 2014 tó fi fáìlì rẹ̀ pamọ́ lè ṣí i lónìí. Ohun tó gbà á là ni pé ẹnì kan ṣì ń ka irú fáìlì tó fi pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

QBasic ní láàbù

Ní Nàìjíríà, èyí tó kan ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n kò tilẹ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú. BASIC, èdè kódù kan, wà nínú sílébọ́ọ̀sì Computer Studies fún ilé-ìwé girama, QBasic ti Microsoft sì ni ọ̀pọ̀ tíṣà fi ń kọ́ ọ. QBasic bá MS-DOS 5.0, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà nígbà náà, dé ní 1991. Ètò 16-bit ni, ìyẹn irú tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, Windows 64-bit ti kọ̀ǹpútà òde òní kì í sì í ṣí ètò 16-bit. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé kankan pé QBasic ti parí. Kọ̀ǹpútà tuntun ló dé láàbù, tíṣà tẹ àwòrán QBASIC lẹ́ẹ̀mejì, Windows ní ètò yìí kò bá òun mu.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ. DOSBox jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS ayé àtijọ́ nínú Windows, nítorí náà QBasic tí wọ́n mọ̀ gan-an ni yóò ṣí, ojú búlúù rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. QB64 ní tirẹ̀ jẹ́ ètò tuntun tó gbọ́ èdè QBasic, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti macOS. Nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni QBasic máa ń kọ sínú fáìlì .BAS, Notepad pàápàá lè ṣí iṣẹ́ ọmọ kíláàsì 1998. Kò sí ọ̀pọ̀ ohun èlò ìgbàlódé tó lè fọwọ́ irú ẹ̀ sọ̀yà.

Ohun tó wà nínú ẹrù

Ẹni tó bá gbọ́ pé ojúlé kan fẹ́ tì máa ń sáré lọ gba kódù akẹ́kọ̀ọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní fáìlì zip. Kódù ló sì rọrùn jù lọ láti kó. Ohun tó yí kódù ká ló máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn: ta ló kọ ọ́, ọjọ́ wo ló fi í sílẹ̀, ìgbà mélòó ló tún un ṣe, kí ni olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kẹtàlá, àyẹ̀wò wo ni kódù náà yege. Inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí wà, wọn kò sí nínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́. Zip mìíràn tilẹ̀ máa ń sọ orúkọ gbogbo fáìlì di main.py, ogójì main.py nínú ogójì fódà tí orúkọ ìnagijẹ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Olùkọ́ tí kò bá tètè kọ orúkọ gidi ti ìnagijẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí kíláàsì ṣì wà lójú kan náà yóò jókòó ti àlọ́.

Àyẹ̀wò aládàáṣe ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò jù, torí òun ló gba àkókò olùkọ́ jù lọ láti ṣe. Ká ní iṣẹ́ tí olùkọ́ fún kíláàsì ni pé kí ètò gba owó kóńgò gààrí kan àti iye kóńgò tí oníbàárà rà, kó sì sọ àpapọ̀ owó. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ báyìí ní èdè Python:

iye = int(input())
kongo = int(input())
print("Àpapọ̀:", iye * kongo)

Lórí ojúlé tó ti kógbá sílé yẹn, olùkọ́ ti kọ ọ́ sínú àpótí kan pé bí 800 àti 3 bá wọlé, "Àpapọ̀: 2400" ni kó jáde. Àpótí yẹn kì í sábà sí nínú zip. Ọ̀nà tó rọrùn láti gbà á là ni kí a fi 800 àti 3 sínú fáìlì wole1.txt, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi èsì tí a ń retí sínú jade1.txt, kí a wá pa àṣẹ yìí:

python gaari.py < wole1.txt > esi.txt

Lẹ́yìn náà ni a ó fi esi.txt wé jade1.txt, diff ló ń ṣe é lórí Linux, fc ló ń ṣe é lórí Windows. Fáìlì méjì péré ni àyẹ̀wò náà dà, ó lè tẹ̀ lé olùkọ́ lọ síbikíbi.

Àmọ́ àwọn ẹ̀gún kan wà lójú ọ̀nà náà. PowerShell kò gba àmì < yẹn, Command Prompt ni kí a lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ input("Iye: ") yóò rí i pé ọ̀rọ̀ "Iye: " náà wọ inú esi.txt, àyẹ̀wò á sì sọ pé ó kùnà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tó lo float (nọ́ńbà tó ní ẹ̀sún) dípò int (odidi nọ́ńbà) yóò rí 2400.0, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gún tirẹ̀. Lórí Windows, bí Python bá ń kọ èsì sínú fáìlì, ó lè dá iṣẹ́ dúró nígbà tó bá kan "ọ̀" nítorí pé àwọn lẹ́tà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nìkan ni ètò tó ń lò fún fáìlì mọ̀; kí a fi PYTHONUTF8=1 lélẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀nà tí a lè gbà tẹ "ọ̀" ju ẹyọ kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ ọ, á wá gbé àmì ohùn lé e. Òmíràn á tẹ ò, á wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà tó ń fi fáìlì wé fáìlì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ dáadáa á sì gba òdo. Normalize tó wà nínú unicodedata ti Python ló ń sọ méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ kì í ṣe èyí, torí kò kàn wọ́n.

Ibi tí wọ́n ń kó lọ

Git, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fásitì ń gbára lé. Fódà tó bá wà lábẹ́ Git ń rántí gbogbo àtúnṣe tí a bá fi commit, àṣẹ tó ń ṣàkọsílẹ̀ àtúnṣe, pamọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é, gbogbo ìtàn yìí sì wà nínú fódà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi git clone kó o sílé ti kó ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. GitHub Classroom, tó jáde ní 2015, gun orí èyí: akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà iṣẹ́ tirẹ̀ láti inú àwòṣe kan, olùkọ́ sì rí gbogbo wọn lójú kan. Ojúlé tí wọ́n bá kọ́ lórí Git lè tì lọ́la, bí olùkọ́ bá ti kó fódà náà sílé, kódù àti ìtàn rẹ̀ kò ní sọnù. Ìwé orúkọ kíláàsì àti máàkì ni kò ní bá a lọ. Ṣùgbọ́n Git kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ọmọ JSS 2 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tí fódà jẹ́ kò lè mọ ohun tí commit jẹ́.

Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Thonny tó wá láti Fásitì Tartu ní Estonia bójú mu jù. Python ti wà nínú rẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà, a sì lè fi fíláàṣì gbé e láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn ní láàbù tí dátà ti wọ́n. BlueJ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èdè Java. Ohun tí wọ́n kò ní ni àpótí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ sí àti ìwé máàkì, ìyẹn á wá di iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní sáfà tirẹ̀ lè gbé Moodle, ètò tí a fi ń ṣe kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i, bí àwọn fásitì kan ní Nàìjíríà ti ṣe, kó sì fi CodeRunner tàbí VPL kún un kí ó lè máa yẹ kódù wò. CodeRunner wá láti Fásitì Canterbury ní New Zealand, VPL láti Fásitì Las Palmas ní Spéìnì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè tì í mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lójú, àmọ́ ẹnì kan ní láti máa bójú tó sáfà náà, kí iná má sì ṣe lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Kódù akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí sáfà kan náà tí máàkì wà, torí ọmọ tó gbọ́n yóò kọ kódù tó ń lọ ka ìwé máàkì. Ìdí nìyẹn tí CodeRunner fi ní sáfà ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ Jobe. Àwọn tó ń fi Jupyter, ìwé inú bùráúsà tí àlàyé àti kódù jọ wà nínú rẹ̀, kọ́ni ní nbgrader, tó máa ń yọ ìdáhùn olùkọ́ kúrò nínú ẹ̀dà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà. Ti ká mọ ẹni tó jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, JPlag tí wọ́n ṣe ní Karlsruhe ní Jámánì ń fi ètò kódù wé ètò kódù, pípààrọ̀ orúkọ nìkan kò lè tàn án jẹ.

Dátà àwọn ọmọ

Ojúlé tó tì kì í ṣe ojúlé tó pa ohun tó mọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́. Àyàfi nínú àwọn ọ̀ràn kan, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lè lo dátà ọmọdé, ó sì fún ẹni tó ni dátà ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Nítorí náà, lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti kó iṣẹ́ kíláàsì tán tó sì ti ṣí fáìlì bíi mélòó kan láti rí i pé wọ́n pé, ó yẹ kó pa àwọn áàkáǹtì tó fi orúkọ àwọn ọmọ ṣí rẹ́ kí fọ́ọ̀mù tí a fi ń pa áàkáǹtì rẹ́ tó kúrò lórí ojúlé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi Google wọlé ṣì máa ń rí orúkọ ojúlé àtijọ́ náà lára àwọn tó fún láṣẹ nínú áàkáǹtì Google rẹ̀. Inú ètò ààbò áàkáǹtì náà ni yóò ti yọ ọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, olùkọ́ kò lè bá a ṣe é.