Bí bulería ṣe wọ inú ìlù rọ́ọ̀kì ní Seville

Ní 1953, Sípéènì àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí Rota ní etíkun àti sí Morón, tí kò jìnnà sí Seville. Rédíò wọn àti àwo orin tí wọ́n kó dání wà lára ohun tó gbé rọ́ọ̀kì dé etí àwọn ọ̀dọ́ Andalusia, agbègbè tí Seville wà ní gúúsù Sípéènì, nígbà tí ìjọba apàṣẹwàá Franco ṣì ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé. Bí wọ́n bá sì pa rédíò, fílámẹ́ńkò, orin ìbílẹ̀ Andalusia, ni wọ́n ń gbọ́ ní ojúlé kejì.

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Smash wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pa méjèèjì pọ̀. Ní 1971, wọ́n pe Manuel Molina, Gitano (ọmọ ẹ̀yà Róma ní Sípéènì) tó ń ta gìtá, wọ́n sì gbé "El garrotín" jáde. Ọ̀nà àbùjá ni wọ́n gbà o, torí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ka garrotín, irú fílámẹ́ńkò kan, bíi rọ́ọ̀kì.

Bulería, irú fílámẹ́ńkò tí wọ́n ń ka ìlù rẹ̀ ní 12, ni baba ìṣòro. Ka a báyìí: 12, 1, 2, 3, 4, 5, 6, 7, 8, 9, 10, 11. Orí 12, 3, 6, 8 àti 10 ni àtẹ́wọ́ ti máa ń le. Onílù rọ́ọ̀kì ní tirẹ̀, orí èkejì àti ẹ̀kẹrin nínú mẹ́rin ló ń gbá sínéà, ìlù pẹlẹbẹ olóhùn líle. Bó bá fi ìyẹn bá bulería lọ láti orí 1, igi rẹ̀ á bọ́ sórí 2, 4, 6, 8, 10 àti 12. Apá ẹ̀yìn á dùn, àmọ́ 3 á dá wà láàárín 2 àti 4, kò sẹ́ni tó gbá a. Akọrin á ní nǹkan ti bàjẹ́, onílù á búra pé òun ò ṣìṣe. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ agogo kọ́ńkóló láti kékeré mọ̀ pé kíka 12 kọ́ ni ìṣòro, bí a ṣe pín in ni.

Ẹgbẹ́ Triana ló já a. Àdúgbò kan lódìkejì odò Guadalquivir ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Jesús de la Rosa ló ń kọrin, òun ló ń tẹ dùùrù, òun náà ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Eduardo Rodríguez ń ta gìtá, Juan José Palacios, tí wọ́n ń pè ní Tele, ń lùlù. Àwo wọn àkọ́kọ́, "El patio", jáde ní 1975, ọdún tí Franco kú. "Abre la puerta" tó ṣí i fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú 10, ìlù Tele ló sì ń tẹ̀lé àtẹ́wọ́ níbẹ̀, kì í ṣe àtẹ́wọ́ ló ń sá tẹ̀lé ìlù.

Kọ́ọ̀dù fílámẹ́ńkò, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Am, G, F, E ni wọ́n ń tò tẹ̀ léra, orí E ló sì ti ń sinmi. Onírọ́ọ̀kì tó bá sáré padà sí Am ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Cejilla tún wà, ìdè tí onígìtá ń fi di ọrùn gìtá kí ohùn lè bá akọrin mu. Bó bá dì í sí fret (ìlà irin ọrùn gìtá) kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ò yí padà, àmọ́ Cm, B♭, A♭, G ni onídùùrù gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Gìtá fílámẹ́ńkò ò tún lè pariwo tó ìlù. Nílọ́ọ̀nù ni okùn rẹ̀, nítorí náà òòfà inú gìtá oníná ò lè gbọ́ ọ. Gbé maikirofóònù sí i, ohùn á padà wọlé láti inú sípíkà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ìka tó ń kan ara gìtá á sì máa dún gbì-gbì.

Ní 1977, Kiko Veneno àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Amador, Raimundo àti Rafael, gbé àwo "Veneno" jáde. Kiko kò ṣe bí ẹni tó lè ké bíi Gitano, ṣe ló ń kọrin bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ. Ricardo Pachón tó bá wọn ṣe é ló tún ṣe "La leyenda del tiempo" fún Camarón, gbajúmọ̀ akọrin fílámẹ́ńkò, ní 1979, orin Kiko kan, "Volando voy", sì wà nínú rẹ̀: rumba, mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn Gitano kan gbé àwo náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní èyí kì í ṣe Camarón.