Gọ́fánọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kí Òṣogbo tó gbé fóònù

Bí iná bá ti lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "Òṣogbo ló pa á." Ọ̀rọ̀ náà ti ń súni. Lóòótọ́, ibùdó NCC (ibùdó ìdarí iná orílẹ̀-èdè) l'Òṣogbo ló ń darí gíríìdì, ìyẹn àwọn wáyà ńlá tó so gbogbo ilé iná pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ńlá kan bá ṣàdédé kú, gọ́fánọ̀ (ohun tó ń ṣọ́ eré ẹ̀rọ) ara tọ́báìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń yí kí iná tó wá, ti wọ ìjà kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó nawọ́ sí fóònù.

Hertz 50 ni iná wa, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; eré tọ́báìnì ló sì ń pinnu rẹ̀. Tí ohun tí aráàlú ń lò bá ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, gbogbo tọ́báìnì á jọ máa falẹ̀. Bí Hertz bá já sí 49.5, gọ́fánọ̀ tí wọ́n yí sí 5% (ìyẹn ni pé bí Hertz bá já ní 5%, á fi gbogbo agbára ẹ̀rọ kún un) á fi ìdá kan nínú márùn-ún agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kún un: ẹ̀rọ kan ní ilé iná Egbin tó jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220 á mú 44 wá, bí àyè bá ṣì wà. Kò béèrè lọ́wọ́ ilé iná Kainji, síbẹ̀ oníkálukú á gbé ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó ronú kan èyí gbọ́n.

Ti tọ́báìnì olómi, èyí tí omi ń yí, ló wá dùn jù. Nínú àwòṣe orí kọ̀ǹpútà, bí ẹnu ọ̀nà omi bá ṣí sí i lójijì, agbára tọ́báìnì kì í kọ́kọ́ gòkè, ńṣe ló ń wálẹ̀. Ẹ wo èrò tó ń wọ́ tẹ̀lé Arugbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun. Ká ní wọ́n ṣàdédé fẹ géètì. Àwọn ẹ̀yìn ò tíì mọ̀, wọ́n ṣì ń rìn bí wọ́n ṣe ń rìn bọ̀, nítorí náà títi-ara-ẹni tó wà lẹ́nu géètì á dẹ̀. Abiyamọ á rí èémí mí, ọlọ́pàá á tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe. Ó di ìgbà tí àwọn ẹ̀yìn bá sáré dé kó tó tún le. Omi inú páìpù náà wúwo, kò lè sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Gọ́fánọ̀ tó bá kánjú á rí i pé Hertz ṣì ń já, á tún ṣí i, á ṣí i kọjá ààlà, iná á sì máa fì síwá sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa ọwọ́ gọ́fánọ̀ olómi sẹ́yìn.

Ibi tí àwòṣe ti ń tan ni jẹ ni pé ó gbà pé kò sí gọ́fánọ̀ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Àwọn ilé iná kan ń dè é, kí ẹ̀rọ wọn má baà máa lọ sókè sódò. Àwọn mìíràn ti lo ẹ̀rọ wọn dé góńgó, kò sí àyè kankan mọ́. Àwòṣe lè ní Hertz á dúró ní 49.6, kí gíríìdì gan-an máa já lọ títí tí ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé iná àdúgbò kọ̀ọ̀kan.