Ṣé lóòótọ́ ni òrùlé Ìbàdàn lè tan iná fún gbogbo ìlú? Ìbéèrè yín rèé

Màmá mi ló kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí n tó mọ̀ èèyàn mẹ́rin míì ti fi ránṣẹ́: pé àwọn òyìnbó ti fi sátẹ́láìtì ya òrùlé gbogbo wa, wọ́n ti mọ iye iná tí oòrùn lè mú jáde lórí ẹ̀, ìjọba ò sì ní pẹ́ máa gbowó oòrùn. Òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ náà wà níbẹ̀.

Ṣé wọ́n ti ya òrùlé wa lóòótọ́?

Wọ́n ti yà á. Lọ́dún 2021, àwọn Google tó wà ní Accra gbé àkójọ kan jáde tó ń jẹ́ Open Buildings, kọ̀ǹpútà ló wo àwòrán sátẹ́láìtì tó sì fa ìlà yí ilé mílíọ̀nù 516 ká ní Áfíríkà. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ o, ìlà ilé lásán ni.

Báwo ni òrùlé ṣe wá di iná?

Ìṣirò ni. Ẹ mú ilé kan tí òrùlé ẹ̀ gùn ní mítà 15, tó fẹ̀ ní mítà 10. Ẹ yọ ibi tí táńkì omi wà, ibi tí igi máńgòrò aládùúgbò ń ṣíji bò, àti àwọn etí tí nǹkan ò lè dúró lé, ẹ ṣì lè rí àyè pánẹ́ẹ̀lì sólà 20 tó jẹ́ wáàtì 400 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílówáàtì 8 nìyẹn. Oòrùn ọ̀dọ̀ wa, téèyàn bá ṣà á jọ láti àárọ̀ dalẹ́, ó tó bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ti oòrùn ọ̀sán gangan. 8 lọ́nà 4.5 jẹ́ 36, ẹ wá yọ ìdámẹ́rin kúrò fún eruku, wáyà, ìnfátà àti ooru, ó ku yúníìtì 27 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ooru: ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń fẹ́, ooru ń dín agbára ẹ̀ kù ni, ẹ sì mọ bí páànù ṣe máa ń rí lọ́sàn-án oṣù kejì. Wọ́n á ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé-nílé, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí iye gàgàrà tó ń dẹ́rù bà yín.

Òrùlé mi kọjú sí àríwá, ṣé mo gbé?

Ẹ ò gbé rárá. Fídíò àwọn òyìnbó lẹ wò, wọ́n á ní apá gúúsù nìkan ló dáa. Òótọ́ ni, fún tiwọn. London wà ní dígírì 51 sókè agbedeméjì ayé, oòrùn kì í dé àtàrí wọn láéláé, apá gúúsù ló máa ń tẹ̀ sí lọ́sàn-án. Ìbàdàn ò ju dígírì 7 àtààbọ̀ lọ, oòrùn ń gba àtàrí wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kódà láti oṣù kẹrin títí dìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá ló máa ń tẹ̀ sí lọ́sàn-án. Torí náà apá méjèèjì òrùlé yín ló ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tó bá kan àríwá gan-an lòjò máa ń dé, ìkùukùu oṣù kẹjọ ò mojú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí pánẹ́ẹ̀lì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí ẹ̀.

Ṣé ìlú míì ti ṣe irú ẹ̀?

New York ti ṣe é. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú tó ń ta ìmọ́lẹ̀ léésà sílẹ̀ wọn gbogbo ilé lọ́dún 2010, nígbà tó di 2011 wọ́n ní ìdá méjì nínú mẹ́ta òrùlé ìlú náà ló dáa fún sólà, pé ó lè fún wọn ní nǹkan bí ìdajì iná tí wọ́n ń lò nígbà tí ìlò bá le jù. Títí dòní wọn ò tíì súnmọ́ ọn.

Kí ló dé?

Torí òrùlé ni wọ́n wọ̀n, wọn ò wọn àpò onílé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí sátẹ́láìtì tó ń rí abẹ́ páànù. Pánẹ́ẹ̀lì 20 yẹn wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ lọ, ká má tíì ka irin tó gbé e, ẹ wá gbé e lé igi àjà tí ikán ti ń jẹ láti ayé bàbá yín. Ti alẹ́ tún wà níbẹ̀: ọ̀sán loòrùn ń ràn, alẹ́ la máa ń délé, bátìrì ló sì máa ń gbówó lọ.

Ayálégbé ni mí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí ìwé pé ẹ máa tú ẹrù yín tẹ́ ẹ bá ń kó lọ.

Ṣé ìjọba máa wá gbowó oòrùn?

Àwòrán òrùlé kì í ṣe bíìlì. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ní ẹni tí tiẹ̀ ò bá ju mẹ́gáwáàtì 1 (kílówáàtì 1,000) lọ níbì kan ò nílò láísẹ́ńsì láti pèsè iná, irú ilé tí mo ṣírò lókè yẹn 125 ni kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀.

Kí la máa wá ṣe?

Ẹ pe káfíńtà kẹ́ ẹ tó pe oní-sólà. Kẹ́ ẹ tún jáde wo òrùlé yín láago mẹ́sàn-án àárọ̀, láago méjìlá àti láago mẹ́rin, ẹ wo ibi tí òjìji wà, torí òjìji lórí pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa àwọn tí wọ́n jọ so pọ̀ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ máńgòrò aládùúgbò ni, ẹ lọ bá a sọ ọ́ nísinsìnyí, torí tẹ́ ẹ bá ti náwó tán kẹ́ ẹ tó lọ, ìjà ló máa dà.