Kí ni àlàáfíà ìgbé-ayé nínú ọ̀rọ̀ ìlera ìbálòpọ̀ àwọn ọ̀dọ́?

Àwọn kan tó ń túmọ̀ ìwé ìlera sí èdè wa a máa kọ "ojúlówó ìgbésí-ayé" fún "quality of life", ìyẹn ohun tí àwọn oníṣègùn ń wọ̀n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fún ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Inú ń bí mi sí i, nítorí pé ayédèrú ni òdìkejì ojúlówó, kò sì sí ọmọ ènìyàn kan, ìbáà ṣe aláàárù tó ń sùn sí ìsọ̀ ní ọjà Bódìjà, tí ayé rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Ẹni tó kọ "kúálítì" kò tilẹ̀ túmọ̀ nǹkan kan.

Àlàáfíà ìgbé-ayé ni èmi ń pè é. "Ìgbádùn" ti di ti aríyá, "ìrọ̀rùn" sì ti di ti owó, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá kíni pé "Ṣé àlàáfíà ni?", kì í ṣe ara nìkan ló ń béèrè, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé ìbéèrè Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHOQOL-BREF ṣe rí: ìbéèrè 26 ló wà nínú rẹ̀, ara, ọkàn, àjọṣe àti àyíká ni wọ́n sì dá lé. Abẹ́ àjọṣe ni wọ́n fi ìbálòpọ̀ sí, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ọ̀rẹ́.

Ìlera ìbálòpọ̀ kò dúró lórí àìsí àrùn nìkan. Àjọ yìí kan náà ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú àlàyé tó tẹ̀ jáde ní 2006. Ẹ wo ìlù gángan. Bí awọ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ ya, tí àwọn ọṣán tó fà á bá ti já, kò lè fọhùn mọ́, oníṣègùn tó bá sì yẹ awọ nìkan wò yóò ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀dọ́ kan ní Bẹẹrẹ tó ní kòkòrò HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní í kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Awọ kò ya. Ṣùgbọ́n bó bá ń sá fún ilé ìwòsàn àdúgbò nítorí pé ojúlùmọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń kọ orúkọ níbẹ̀, tí kò sì jẹ́ dẹnu ìfẹ́ kọ ẹnikẹ́ni nítorí ìtìjú, ọṣán ti já. Òfin 2014 ka fífi HIV ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ òfin kì í bá ni dé iwájú ẹni tó ń kọ orúkọ.

Ní ti orúkọ tó yẹ ká fi pe irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, "mẹ̀kúnnù" kò tó, torí òṣì nìkan ló ń sọ. "Àwọn tí a yà sọ́tọ̀" burú jù ú lọ, nítorí ohun mímọ́ là ń yà sọ́tọ̀. Àwọn tí a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n: bí a bá rí ẹni tí a tì, ẹnìkan wà tó tì í. Ọ̀dọ́bìnrin adití tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe ògbufọ̀ fún níwájú nọ́ọ̀sì kò lè dáhùn ìbéèrè kankan nípa ìbálòpọ̀ bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò wá ògbufọ̀ èdè ọwọ́ fún un ló tì í.