Bí Wọ́n Ṣe Gé Àká Ọkà Cape Town Láìjẹ́ Kó Wó

Àṣìsọ kan wà tó yẹ kó dópin. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Zeitz MOCAA, ilé iṣẹ́ ọnà tó wà ní èbúté Cape Town, wọ́n á ní ṣe ni wọ́n kàn dá ihò sáàárín àká àtijọ́ kan. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ọdún 1924 ni wọ́n kọ́ àká náà tán, wọ́n pa á tì ní 2001, ilé ọnà sì ṣí níbẹ̀ ní 2017. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àwọn àgbá kọnkéré gíga 42 tí wọ́n ń da ọkà sí.

Ògiri àgbá wọ̀nyí ò nípọn ju mìlímítà 170 lọ. Róbótó tí wọ́n rí ló ń gbé wọn ró. Ẹ wo ìkòkò amọ̀: omi á kún un dẹ́nu, wọ́n á gbé e ka iná, kò ní ṣe nǹkan kan, torí gbogbo ara rẹ̀ ló ń ti ara wọn lẹ́yìn. Àmọ́ kí etí rẹ̀ bù níbì kan péré, sísán náà á máa rìn bọ̀ nísàlẹ̀ títí ìkòkò á fi là sí méjì. Bí ayùn bá gé àgbá lásán, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kí ayùn tó kan ògiri, wọ́n kọ́kọ́ da kọnkéré tuntun sínú àwọn àgbá tí wọ́n fẹ́ gé, ó sì lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Ìkòkò wá wà nínú ìkòkò. Èyí tuntun ló gbẹ́rù, òun náà ló tún ń tọ́ ayùn sọ́nà. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

Hóró àgbàdo kan láti inú àká yẹn ni Thomas Heatherwick, ayàwòrán ilé náà, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà yà, tí wọ́n sọ di ńlá tó ilé alájà mẹ́wàá; ìrísí rẹ̀ ni wọ́n gé sínú àwọn àgbá náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣó ni wọ́n fi sàmì ibi tí ayùn máa gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fín igbá ṣe máa ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ilà kó tó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, igbá mìíràn wà lóko.

Wọn ò fi símẹ́ǹtì bo ojú ibi tí wọ́n gé. Ṣe ni wọ́n dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà, tí ojú fi ń rí àgbá méjèèjì: ti 1924, tó kún fún òkúta wẹẹrẹ, àti èyí tó gbà á mọ́ra nínú.