Ẹ Wo Abẹ́ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Sìmẹ́ǹtì

Ẹni tó bá ra ilé ńlá àtijọ́ kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀ńjíníà, ṣé ká wó o ni àbí ká tún un ṣe?" Ayàwòrán-ilé ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀ńjíníà ni gbogbo wọn ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mi ò kì í dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí n sọ̀rọ̀ ọgbà fíìmù kan fún wọn, tó wà ní ìlú Berlin, ní Jámánì.

Tempelhof lorúkọ àdúgbò náà. Ilé iṣẹ́ fíìmù UFA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1917, ló ni ibẹ̀. Kì í ṣe ibi tí àwọn òṣèré ti ń dúró níwájú kámẹ́rà. Ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ni, tí wọ́n sì ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ilé sinimá. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tán níbẹ̀, ọgbà náà dahoro, wíwó ló sì kàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1979, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn kó wọ ibẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, wọ́n sì wá bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Berlin ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ náà. ufaFabrik ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ilẹ̀ ibẹ̀ lé ní 18,000 mítà níbùú lóròó. Gbọ̀ngàn tíátà wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ilé búrẹ́dì, ọgbà ẹran ọ̀sìn tí àwọn ọmọdé ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní eré sákọ́ọ̀sì, ilé àlejò, àti ibùdó tí àwọn ará àdúgbò ti ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí wọn ò ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò: wọn ò wó o. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, wọ́n á yan án nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàtọ̀ sí èéfín iná yẹn, òkúta náà fúnra rẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, sílẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú òfúrufú, nǹkan bí ìdá 7 tàbí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti ìdí sìmẹ́ǹtì wá. Ògiri tó ti wà ní ìdúró, wọ́n ti san gbèsè tirẹ̀. Bí ẹ bá wó o tí ẹ kọ́ òmíràn, ẹ óò san án lẹ́ẹ̀kejì, ẹ óò sì tún máa wá ibi tí ẹ ó da àwókù sí. Mi ò ní kí ẹ má wó ohunkóhun o. Mo ní kí wíwó jẹ́ ohun tí ẹ rò ní àròtán kí ẹ tó ṣe é.

Ohun tó ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé onílé ti mọ ohun tó fẹ́ fi ilé ṣe kó tó wọ inú rẹ̀. Ilé fíìmù àtijọ́ ní ìwà tirẹ̀. Iyàrá tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, òkùnkùn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ má sọ ọ́ di kíláàsì. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀dà wò, tó fẹ̀ tí kò sí òpó láàárín rẹ̀, ẹ kó ìlù àti eré lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọdé, ẹ wá ọ́fíìsì àtijọ́ tó ní fèrèsé fún wọn. Mo ti rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ti la fèrèsé mọ́kànlá sára ògiri tó gbé òrùlé dúró, nítorí pé kíláàsì ni wọ́n ti fọkàn sí. Ògiri náà sán. Owó irin tí wọ́n fi gbé e ró, ì bá kọ́ kíláàsì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà.

Ewu tó wà níbẹ̀ ò ṣe é fojú fò. Ibi tí wọ́n bá ti fọ fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kẹ́míkà ti lè rin wọnú ilẹ̀, pàápàá lábẹ́ gọ́tà àti páìpù tó ti jò. Ẹ gbẹ́ yẹpẹ rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ tàbí kí ọmọdé tó ṣeré níbẹ̀. Bí ẹ bá bá fíìmù àtijọ́ nínú yàrá tó wà ní títì, ẹ má tan iná sí i: irú fíìmù tí wọ́n ń lò títí di nǹkan bí ọdún 1951 máa ń jó bí ẹ̀tù, omi kì í tètè pa á. Asbestos, ìyẹn ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, náà lè wà nínú òrùlé àti nínú ohun tí wọ́n fi di páìpù omi gbígbóná. Kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹni tó mọṣẹ́ náà, tó ní aṣọ rẹ̀, ni kó wá kó o.

Omi ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé lórí. Ní Tempelhof, ilé omi àtijọ́ kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ọgbà náà. Ẹlòmíràn ì bá da yẹ̀pẹ̀ dí i. Òjò ni àwọn wọ̀nyí darí sínú rẹ̀, látorí òrùlé àti látorí ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́. Àpapọ̀ ohun tí àwọn táńkì wọn ń gbà tó lítà 240,000. Lójú tiwa, táńkà omi onílítà 10,000 mẹ́rìnlélógún nìyẹn, wọn ò sì ra ọ̀kan. Omi àkọ́rọ̀, tó ń gbé ìdọ̀tí ilẹ̀ lọ, wọ́n ń jẹ́ kó gba inú iyanrìn tí wọ́n gbin ewéko sí kọjá, gbòǹgbò á sẹ́ ẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣan, wọ́n sì ń fi í bomi rin ọgbà. Ta ló ní kí á máa fi omi mímu ṣan ìgbẹ́?

Lórí òrùlé, wọ́n gbin ewéko. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá kò ní jò. Bí wọ́n bá tò ó dáadáa, kò ní jò. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni awọ tí omi kò lè gbà kọjá wà. Lórí rẹ̀, ohun tí gbòǹgbò kò lè lu. Lẹ́yìn náà, òkúta wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, tí omi tó pọ̀jù ń gbà ṣàn lọ. Lókè ni yẹpẹ fẹ́lẹ́, tí jíjìn rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ, pẹ̀lú ewéko kúkúrú tí ọ̀dá kì í tètè pa. Ṣùgbọ́n ẹ má wọn yẹpẹ náà ní gbígbẹ. Bí òjò bá rin ín, mítà kan níbùú lóròó lè wúwo ju 100 kílò lọ. Igi òrùlé tí wọ́n kọ́ fún páànù kò lè gbé ìyẹn.

Òrùlé tí ewéko bò máa ń tutù, ìtutù yẹn kì í sì í ṣe idán. Ẹni tó bá ti bu omi mu nínú àmù rí mọ̀ ọ́n: omi ń rin jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ewéko ṣe ń ṣe nìyẹn. Sólà sì wà lórí àwọn òrùlé náà. Pánẹ́ẹ̀lì kì í fẹ́ ooru. Bí ó ṣe ń gbóná sí i ni iná tó ń mú wá ń dín kù. Ẹ gbé e sórí páànù gbígbóná, ẹ gbé òmíràn sórí ewéko, ẹ óò rí i pé tewéko ló ń ṣe dáadáa jù. Wọ́n tún ní ẹ́ńjìnnì tó ń mú iná wá, tí ooru ara rẹ̀ ń mú ilé gbóná nígbà òtútù. Ooru yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wa ń tú dà sí ojú pópó.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ omi yìí lára ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ ilé bàbá àgbà kan. Ó dán, gbogbo ilé yọ̀. Lẹ́yìn òjò méjì, mo fi ìka kan ara rẹ̀, ó dún kó-kó-kó bí akèrègbè òfìfo. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìrẹ́lé náà já lulẹ̀ ní odidi, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Omi tó ń wọnú ògiri náà látìsàlẹ̀ ti ń gba ara amọ̀ jáde láti ọdún gbọ́nhan. Àwa la dí ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tèmi, omi ti wà nínú ògiri ná, àwa la pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ kan ara ògiri àtijọ́ kankan kí n tó mọ ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá àti ibi tó ń lọ. Òrùlé, gọ́tà àti ìpìlẹ̀ ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ọ̀dà lè dúró.

Torí náà, kí ẹ tó pè mí wá yàwòrán, ẹ dúró de òjò ńlá kan. Bí káfíńtà bá ti jẹ́rìí sí i pé òrùlé kò ní wó luni, ẹ wọ bàtà ròbà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti ẹfun dání, kí ẹ wọ inú ilé náà nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Ibi tí omi bá ti ń kán, ẹ fi ẹfun sàmì sí i. Nígbà tí òjò bá dá, ẹ ṣí gbogbo ìdérí ihò tó wà nínú ọgbà, ẹ ju òkúta sí i, kí ẹ tẹ́tí gbọ́ bóyá omi wà nísàlẹ̀. Ẹ má wọ inú ihò kankan o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè pani. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ sínú ìwé kan, kí ẹ mú un wá bá mi.