Ẹṣin Kì í Ṣe Ẹran Èèkàn

Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ku oṣù kan, tí àwọn ìdílé Balógun n'Íjẹ̀bú-Òde ń múra Ojúde Ọba, fóònù mi kì í sinmi mọ́, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí: "Dókítà, abẹ́rẹ́ wo ni ẹ máa fún ẹṣin wa tí ara rẹ̀ yóò fi dán?" Abẹ́rẹ́ kọ́ ni ẹṣin yín ń fẹ́. Ibi tí ẹ so ó mọ́ ni àìsàn rẹ̀.

Àpòlúkù ẹṣin kéré sí ara rẹ̀. Lítà 8 sí 15 péré ni ó ń gbà, omi kíkan tó ń da oúnjẹ sì ń sun nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Ìdí nìyí tí ẹṣin inú pápá fi ń jẹko díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 16 lójúmọ́, tí ó ń rìn bí ó ti ń jẹ. Ẹ fi wáyà ṣe ọ̀nà tóóró yí ilẹ̀ yín ká, kí koríko gbígbẹ wà níbì kan, kí omi jìnnà sí i, kí ẹ sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀bá omi náà kí pátákò rẹ̀ lè le. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan: ẹṣin kì í sùn wọra bí kò bá dùbúlẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í sì balẹ̀ láti dùbúlẹ̀ bí kò bá sí ẹṣin mìíràn tó ń bá a ṣọ́nà.

Ọdún 6 ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì, síbẹ̀ ońdè ni mo bá lọ́rùn ẹṣin kan tí wọ́n pè mí sí lóru, tó ti ń yí gbiri nílẹ̀ láti ọ̀sán, tí ọkùnrin kan sì ń da àgbo sí i ní ihò imú, wọ́n ní ayé ló ń bá a jà. Ẹṣin kì í bì. Bí ó bá ń yí nílẹ̀, tí ó ń bojú wo ìhà rẹ̀, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu tàbí nímú, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Àgbo ti wọ ẹ̀dọ̀fóró èyí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Nígbà tí mo la inú rẹ̀, iyanrìn ni mo bá nínú ìfun rẹ̀, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń da bàbà sí fún un. Gbogbo ibi tí okùn rẹ̀ dé yí èèkàn náà ká ti pa rodo. Ní ìta rẹ̀, koríko tútù ga dé orúnkún mi.